Àalè Tí Mo Já Lára Igi Oṣè

Ẹ fún mi ní àyè ní ìdí igi yìí kí n na ẹsẹ̀ mi, nítorí ẹsẹ̀ tí ẹ ń wò yìí ti dé ibi tí a kì í sọ ìtàn rẹ̀ ní ìdúró. Ẹni tí ó bá fẹ́ jẹ oyin inú àwo yìí, kí ó bu ú pẹ̀lú afárá rẹ̀, kí ó fi eyín tẹ̀ ẹ́ títí adùn rẹ̀ yóò fi tán, kí ó wá tu ìda rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́. Kí ó má tu ú sílẹ̀ o, ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbálẹ̀ ni. Ẹ má sì bi mí bóyá ojúlówó ni. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín máa ń da oyin sórí iyanrìn wò, àwọn mìíràn a ṣá ìṣáná sí i, àwọn mìíràn a sì jókòó ti èèrà bí ẹni tí ó ń retí ìdájọ́. Kí ni Ọlọ́run wá dá ahọ́n fún? Oyin tí ó wà lẹ́nu yín yìí kò fojú kan iná rí. Èmi Ọdẹ́jìnmí ni mo sì gbé e fún yín, èmi tí mo ti fi iná sun oyin ju ẹnikẹ́ni lọ ní ìlú Ìdí-Ẹ̀mì yìí. Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yin ara mi díẹ̀, kí ẹ lè mọ irú ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí. Mo ti pa ẹfọ̀n ní ìdojúkọ. Mo ti sùn sórí igi kan náà pẹ̀lú òjòlá, àwa méjèèjì sì jí láìjà. Ṣùgbọ́n nǹkan wọ̀nyí kọ́ ni wọ́n fi ń kì mí. Oyin ni. Ní ọdún kan ṣoṣo, igi oyin mẹ́tàdínlógún ni mo fi ògùṣọ̀ kó. Màá ki iná bọ ihò igi, àwọn kòkòrò oyin yóò máa já bọ́ wùrùwùrù bí àgbàdo tí ó ń dà láti inú àpò tí ó ya, èmi yóò sì ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, màá kó gbogbo rẹ̀, àti oyin, àti ọmọ, àti eérú. Nígbà tí àwa ọdẹ pàdé ní ọdún náà, Ògúngbèmí tí ó ń sun ìjálá fún wa dìde, ó na ọwọ́ sí mi, ó ní, "Afináṣígun, ọkọ Àwẹ̀ró! Ó jó ìyá, ó jó ọmọ, ó kó adùn wálé!" Inú mi dùn débi pé n kò sùn. Ẹ mọ àṣà wa: ẹni tí a bá kì, yóò fò dìde, yóò fi ẹsẹ̀ janlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, yóò ní, "Èmi nìyí!" Ẹni tí a kì tí kò dáhùn, òkú ni. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ń janlẹ̀.

Ní ọdún kẹta yẹn ni Àwẹ̀ró lóyún. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Látóún ọmọ wa ti pé ọdún mẹ́rìnlá nígbà náà, a sì ti gbà pé Ọlọ́run ti ṣe tirẹ̀. Ayọ̀ náà pọ̀, ṣùgbọ́n oyún yìí kò fẹ́ oúnjẹ. Bí ó bá jẹ iyán, yóò bì í. Bí ó bá mu ògì, yóò bì í. Ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ tí kì í kúrò ní ọrùn ọwọ́ tẹ́lẹ̀ wá ń yọ́ lọ sí igbọ̀nwọ́. Nọ́ọ̀sì ìlú wa ní kí a máa fún un ní ohunkóhun tí ó bá ti lè dúró nínú rẹ̀, nítorí bí ó bá ń lọ báyìí, òun kò lè fọwọ́ sọ̀yà fún ìyá tàbí ọmọ. Mo jókòó ti ìyàwó mi, mo ní, "Àwẹ̀ró, kí ló wù ọ́? Bí ó bá jẹ́ ẹ̀dọ̀ erin, sọ ọ́." Ó ní, "Oyin ni, Bàbá Látóún." Ha! Mo fò sókè. Ṣé oyin ni wàhálà? Mo sáré wọ yàrá, mo gbé agbè oyin tí mo kó pamọ́ jáde. Bí ó ṣe gbé e dé imú, ó bì títí omijé fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Èéfín ni. Èéfín ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹ gbé e kúrò." Mo lọ ra oyin inú ìgò lọ́jà. Ó tọ́ ọ wò, ó tu ú dànù, ó ní, "Ṣúgà ni wọ́n sè." Ó wá dì mí lọ́wọ́ mú, ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́ bí ìyẹ́ ẹyẹ. Ó ní, "Oyin tí iná kò kàn ni kí ẹ bá mi wá. Ìyẹn nìkan ni ara mi ń béèrè."

Ẹ̀rù bà mí, n kò ní purọ́ fún yín. Mo mọ bí a ṣe ń fi iná kó oyin. Bí a ṣe ń kó o láìsí iná, n kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́, mo gbé àpò, ìbọn àti agbè méjì, mo fi ògùṣọ̀ sílẹ̀ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, mo wọ igbó.

Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Mo rìn kọjá ibi gbogbo tí mo ti mọ igi oyin rí, kò sí ohun tí ó ń kùn níbẹ̀, kìkì igi dúdú tí èmi fúnra mi ti sun. Nígbà tí oòrùn gòkè díẹ̀ ni ẹyẹ kékeré kan bà sí ẹ̀ka lókè orí mi, irú ẹyẹ aláwọ̀ eérú tí ó máa ń fi ọ̀nà oyin han ọdẹ. Ó tẹ orí, ó wò mí, ó ní, "Afináṣígun, o tún dé. Iná dà?" Mo ní, "N kò mú iná wá lónìí." Ẹyẹ yìí rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́. Ó ní, "Ọdẹ, ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti mú ọ dé ìdí oyin, o kò fi ẹyọ afárá kan sílẹ̀ fún mi rí. O jẹ tán, o nu ẹnu, o lọ. Kí ni ẹ ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ìlú yín?" Mo ní, "À ń pè é ní ọ̀gá ọdẹ." Ó ní, "Ní ìlú tiwa, ahun ni." Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn, ìbọn ni n bá fi dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n mo rántí ọwọ́ Àwẹ̀ró, mo gbé ìgbéraga mì, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n ẹyẹ, mú mi dé ibẹ̀, ìwọ ni yóò kọ́kọ́ jẹ." Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n! Ó mà ti le fún ọ o." Ó fò, mo tẹ̀ lé e.

Ó mú mi gba àárín àwọn igi ẹ̀mì tí wọ́n yọ òdòdó, a kọjá odò kan tí omi rẹ̀ kò ju kókósẹ̀ lọ, a sì yọ sí gbalasa kan. Igi oṣè kan dúró sí àárín rẹ̀. Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti rí igi oṣè, ṣùgbọ́n bí a bá so ọwọ́ gbogbo wa tí a wà níhìn-ín pọ̀, a kò lè gbá ìdí ìyẹn mọ́ra. Ihò ńlá kan wà ní àyà rẹ̀, àwọn oyin ń wọlé, wọ́n ń jáde, ohùn wọn sì wọ ilẹ̀ dé abẹ́ ẹsẹ̀ mi. Òórùn tí ó ń jáde níbẹ̀ mú kí itọ́ kún ẹnu mi. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe sún mọ́ ọn, mo rí nǹkan kan tí wọ́n so kọ́ ara igi náà: ìkarahun ìgbín kan, ṣùkù àgbàdo kan àti àkúfọ́ igbá, tí wọ́n fi ìtàkùn dì pọ̀. Àalè ni.

Ẹ dákẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ṣìwà hù. Kò sí ọmọ Ìdí-Ẹ̀mì tí kò mọ àalè. Èmi gan-an ti so àalè mọ́ igi ìdáná mi lójú ọ̀nà oko, oṣù mẹ́ta ni ó lò níbẹ̀, kò sí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án. Ẹni tí ó bá já àalè, orúkọ rẹ̀ kò ní ju ẹyọ kan lọ. Ṣùgbọ́n mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, n kò rí ilé, n kò rí oko, n kò rí ipa ẹsẹ̀ ènìyàn. Mo sọ nínú ara mi pé, "Bóyá baba kan tí ó ti kú láti ayébáyé ni ó so ó. Àalè tí olówó rẹ̀ ti kú, kí ni ó fi yàtọ̀ sí pàǹtí?" Mo fa á já. Ìtàkùn náà kò tíì dákẹ́ ìró tí mo fi rí i pé ẹsẹ̀ mi kò gbé nílẹ̀ mọ́. Ìda ti rú jáde láti inú ilẹ̀, ó ti bo bàtà mi dé kókósẹ̀.

Obìnrin kan sì yọ jáde láti inú ihò igi. Kò ga ju odó lọ. Awọ ara rẹ̀ pọ́n bí oyin tí a gbé sí oòrùn. Àwọn oyin ni ó wà lórí rẹ̀ ní ipò irun, wọ́n ń gba etí ọ̀tún rẹ̀ wọlé, wọ́n ń gba ti òsì jáde, kálukú pẹ̀lú ẹrù rẹ̀. Ìyá Afárá ni ó ń jẹ́. Ó ní, "Ta ni ó já àalè mi?" Mo ní, "Ẹ kú ọ̀sán, ìyá. Atẹ́gùn ni." Ó ní, "Atẹ́gùn náà ni ó di ìkarahun ìgbín mú ní ọwọ́ ọ̀tún yẹn?" Mo wo ọwọ́ mi. Ẹ ò rí i pé mo ṣì dì í mú! Ẹyẹ tí ó wà lókè ń rẹ́rìn-ín. Ìyá Afárá ní, "Ní ìlú yín, bí ènìyàn bá so àalè mọ́ nǹkan, kí ni ó túmọ̀ sí?" Mo ní, "Ó túmọ̀ sí pé nǹkan náà ní ẹni tí ó ni ín." Ó ní, "Ẹni tí ó bá já a ńkọ́?" Mo wo òkè, mo wo ilẹ̀, mo ní, "Olè ni, ìyá." Ó ní, "O ṣeun. Ìwọ ni o pe ara rẹ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èmi."

Ó gbọn orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn oyin rọ́ wá sí ara mi, wọ́n bò mí láti orí dé ìbàdí bí ẹ̀wù. Ó ní, "Má ṣe gbọ̀n wọ́n, má ṣe fẹ́ wọn. Bí ọ̀kan bá kú lára rẹ, gbogbo wọn yóò gbọ́." Ẹ̀yin tí ẹ ń pe ara yín ní akọni, ẹ wá dúró síbẹ̀! Ọ̀kan wọ ihò imú mi, ó jókòó. Sísín bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀. Mo pe orúkọ bàbá mi nínú ọkàn, mo pe ti ìyá mi, mo fún eyín pọ̀. Omi ń dà lójú mi. Nígbà tí mo rò pé ó ti parí, oyin náà rìn jáde wọ́ọ́rọ́, ó nu ẹsẹ̀ rẹ̀ sí ètè mi, ó fò lọ, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e.

Ìyá Afárá jókòó lórí gbòǹgbò igi. Ó ní, "Màá pa àlọ́ méjì fún ọ. Bí o bá mọ ọ̀kan, màá tú ẹsẹ̀ kan. Ilé kan wà tí ó ní ẹgbẹ̀rún yàrá, kò ní fìtílà, kò ní bíríkìlà, síbẹ̀ yàrá kan kò tóbi ju èkejì." Mo ní, "Afárá oyin." Ìda yọ́ ní ẹsẹ̀ òsì mi. Ó ní, "Ta ni ó ń bá ọ ṣe oko láti ọdún dé ọdún tí o kò fún ní oúnjẹ ọ̀sán rí?" Mo ní, "Àwẹ̀ró ìyàwó mi." Ó ní, "Irọ́. Òun ni ó ń se oúnjẹ ọ̀sán ọ̀hún." Mo ní òjò. Ó ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo ní oòrùn. Ó ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó wá béèrè jẹ́jẹ́ pé, "Ọdún mélòó ni ẹ̀gúsí rẹ ti ń yọ òdòdó, tí òdòdó náà ń rẹ̀ dànù láìso?" Mo ní, "Ọdún mẹ́ta." Ó ní, "Ọdún mélòó ni o ti ń jẹ́ Afináṣígun?" Ọdún mẹ́ta yìí ni mo ti ń bú aládùúgbò oko mi pé ó fi ojú burúkú wo ẹ̀gúsí mi! Ojú tì mí, kì í ṣe díẹ̀. Ó ní, "Àwọn ọmọ mi ni ó ń gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó kan dé òmíràn kí èso tó lè dúró. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìwọ kò lè wọ inú òdòdó, àwa kò lè kọ ebè. O wá ń sun alábàáṣe rẹ níná, o sì ń jó sí i."

Mo sunkún. Mo sọ ọ̀rọ̀ Àwẹ̀ró fún un, bí ẹ̀gbà ṣe ń yọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bí ó ṣe ń béèrè oyin tí iná kò kàn. Ó tẹ́tí, àwọn tí ó wà nínú etí rẹ̀ sì dákẹ́ iṣẹ́. Ó ní, "Màá fún ọ. Kí ni o máa fún mi?" Mo ní, "Ìbọn mi." Ó ní kí ni òun fẹ́ fi ṣe? Mo ní, "Òbúkọ mi." Ó ní òórùn rẹ̀ kò dára. Ó ní, "Orúkọ tí wọ́n fi ń kì ọ́ ni mo fẹ́." Ẹ gbọ́ mi o! Orúkọ tí àwọn ènìyàn fi ń yà fún mi lójú ọ̀nà! Mo ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ kí n fi òbúkọ méjì kún un." Ó ní, "Ìyàwó rẹ ń dúró." Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí. Mo sún mọ́ ihò igi pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan tí ó ṣì lẹ̀, mo nà gbọọrọ, mo pariwo orúkọ náà sínú rẹ̀. Kò dún padà. Àwọn oyin sì fi ìda dí i mọ́ inú yàrá afárá kan. Ó ní, "Ọjọ́ tí wọ́n bá pè é, tí o bá dáhùn, gbogbo oyin tí ó wà nínú ìyàwó rẹ yóò di èéfín."

Ó tú ẹsẹ̀ mi kejì, ó sì kọ́ mi bí a ṣe ń ṣe é. Ó ní kí n ré ewé tútù, kí n fi gbá àwọn oyin sẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹ́jẹ́, kí n gé afárá ẹ̀gbẹ́ tí oyin nìkan wà nínú rẹ̀, kí n má fọwọ́ kan ti àárín tí ọmọ wà, kí n sì fi èyí tí ó pọ̀ jù sílẹ̀ fún àwọn tí ó ṣe é. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mẹ́ta péré ni wọ́n ta mí, Ìyá Afárá sì ní nítorí àlọ́ tí mo kùnà ni. Mo fún ẹyẹ ní ìpín tirẹ̀, mo fi ọwọ́ ara mi so àalè padà, mo dọ̀bálẹ̀, mo lọ.

Nígbà tí Àwẹ̀ró gbé afárá náà dé imú, ó dúró. Mo ń wo ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ó jẹ ẹ́, ó dúró díẹ̀, ó tún jẹ. Ó ní, "Òdòdó ẹ̀mì ni. Òórùn oko bàbá mi ni." Kò bì. Mo jáde lọ sí ẹ̀yìn ilé, mo fi ojú pamọ́ sí ara ògiri. Fún ọjọ́ mẹ́rin, oyin yẹn nìkan ni ó ń jẹ, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú omi. Ó ń dúró nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò béèrè ohun mìíràn. Ní àkókò yẹn gan-an ni mo kọ́kọ́ so ìkòkò mẹ́jọ tí ẹ máa ń rí kọ́ sórí igi oko mi, mo fi ìda pa inú wọn kí oyin lè wá ṣe ilé níbẹ̀, mo sì gbé omi sí abẹ́ wọn. Ẹ̀gúsí tí a ń tà ní ọdọọdún báyìí, ẹ̀yin náà ń rí i.

Ọjọ́ karùn-ún ni ìpàdé ọdẹ bọ́ sí. Àwẹ̀ró ní òun yóò bá mi lọ, òun yóò jókòó láàárín àwọn obìnrin. Ìjálá bẹ̀rẹ̀. Ògúngbèmí kì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kàn mí. "Afináṣígun, ọkọ Àwẹ̀ró! Ó jó ìyá, ó jó ọmọ, ó kó adùn wálé!" Ẹsẹ̀ mi gbé sókè fúnra rẹ̀. Mo fi ọwọ́ méjèèjì tẹ orúnkún mi mọ́lẹ̀. Ó tún pè é. Àwọn ènìyàn yíjú sí mi. Ó pè é lẹ́ẹ̀kẹta, ohùn rẹ̀ sì ti le. Ó dùn mí, ó dùn mí gan-an, nítorí mo fẹ́ràn orúkọ yẹn bí ọmọ ọwọ́ ṣe fẹ́ràn ọyàn. N kò dáhùn. Ògúngbèmí yí ẹ̀yìn padà, ó ní, "Ẹni tí mo pè ti kú," ó sì kọjá sí ẹlòmíràn. Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín. Mo jókòó síbẹ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ mi bí aláìlórúkọ.

Nígbà náà ni mo rí i tí Àwẹ̀ró dìde láàárín àwọn obìnrin. Ó gba àárín agbo kọjá lójú gbogbo ọdẹ, ó dé iwájú mi, ó kúnlẹ̀, ó sì sọ ọ́ sókè tí gbogbo wọn fi gbọ́, ó ní, "Bàbá Látóún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé. Ebi ń pa mí. Iyán ló wù mí."

N kò mọ bí mo ṣe fi agbo yẹn sílẹ̀. N kò dúró de Látóún kí ó dé láti odò, n kò pe aládùúgbò kankan. Èmi Ọdẹ́jìnmí ni mo se iṣu, èmi ni mo gún un, òógùn ń bọ́ lójú mi. Ó jẹ ẹ́ tán, ó tún ní kí n bù sí i.